Atọ́ka tó wà lẹ́yìn: àkọsílẹ̀ àtúnṣe aago ọwọ́ kan tí kì í pé wákàtí 56 kó tó dúró

Bí èèyàn bá wo ojú aago yìí, kò sí ohun tó kọjá ọwọ́ wákàtí, ọwọ́ ìṣẹ́jú, àti ọwọ́ kékeré tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lókè nọ́ńbà 6. Ojú funfun ni, kò sí fèrèsé ọjọ́, kò sí àwòrán òṣùpá. Ìgbà tí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀ ni iṣẹ́ àfikún rẹ̀ tó yọjú. Lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, atọ́ka irin aláwọ̀ búlúù kan ń rìn lórí ìlà tó tẹ̀ bí ọrun, ó ń sọ iye wákàtí tó kù kí sípíríǹgì tú tán. Ọwọ́ la fi ń ká a. Sípíríǹgì kan ló ní, nínú àgbá kan. Ìlù 21,600 ló ń lù ní wákàtí kan, wákàtí 56 ló sì yẹ kó lò láti kíkún dé òfo. Síkúrù 6 ló de ìdérí ẹ̀yìn mọ́ ilé aago.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ló bá a wá. Nǹkan bí wákàtí 50 ló máa ń dúró. Nígbà tó bá dúró, atọ́ka ẹ̀yìn ṣì ń sọ pé wákàtí 6 kù. Ẹ̀kẹta, kókó tí a fi ń ká a máa ń le lójijì, bí ìgbà tó kan ògiri, kì í le díẹ̀díẹ̀ bí sípíríǹgì ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kún. Ẹ̀sùn kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa gbójú fò, òun gan-an ló sì sọ ibi tí ẹjọ́ wà.

Ìṣirò kí a tó mú síkúrùdíráfà

Dífẹ́rẹ́ńṣà ló ń darí atọ́ka yìí, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà ní ìdí ọkọ̀, àfi pé èyí kò tóbi ju hóró àlìkámà mélòó kan lọ. Ọ̀nà méjì ni agbára gbà wọ inú rẹ̀. Èkíní wá láti jíà ìká tó wà lórí ọ̀pá àgbá, èyí tí kókó ń yí nígbà tí a bá ń ká aago. Èkejì wá láti ara àgbá fúnra rẹ̀, tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́. Kíká ń ṣe àfikún, ṣíṣiṣẹ́ ń ṣe àyọkúrò, ohun tó sì kù láàárín méjèèjì ni férémù dífẹ́rẹ́ńṣà ń gbé lọ bá atọ́ka.

Nínú aago yìí, àgbá ń yí ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 8, sípíríǹgì sì gba ìyípo 7 láti òfo dé kíkún. 8 lọ́nà 7 jẹ́ 56, iye yẹn pé. Jíà eléyín 24 tó wà lára àgbá ń yí jíà ìsàlẹ̀ dífẹ́rẹ́ńṣà tó ní eyín 72, ìdínkù 3 sí 1 nìyẹn. Ìdínkù kan náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ìká. Férémù tún ń pín ìyàtọ̀ méjèèjì sí méjì, jíà tó kẹ́yìn tún dín in kù ní 3 sí 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 sí 1. Ìyípo àgbá kan ń gbé atọ́ka rìn ní dígírì 20, ìyípo 7 ń gbé e rìn ní dígírì 140, wákàtí kan sì jẹ́ dígírì 2.5.

Ó dára kí ẹ ṣe ìṣirò yìí fún aago yòówù tó bá ní irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Wákàtí 6 tí atọ́ka fi ń parọ́ nígbà tí aago dúró jẹ́ dígírì 15, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo àgbá kan. Wákàtí 6 kan náà ló sì kù sí 56 nígbà tí aago dúró ní 50. Nǹkan méjèèjì ṣe déédéé ara wọn, ìdí wọn kan náà ni. Ẹnì kan ló fi atọ́ka síwájú ju bó ṣe yẹ lọ ní dígírì 15. Nítorí náà, atọ́ka ń dé ibi àmì kíkún nígbà tí sípíríǹgì kò tíì kún, ó sì ń gún nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan tó ń gún yẹn ni ọwọ́ ẹni tó ń ká aago ń rí gẹ́gẹ́ bí ògiri.

Bí ó bá jẹ́ pé sípíríǹgì ló rẹ̀ tàbí pé ọ́ìlì ló gbẹ, aago á dúró kánmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kókó kò ní le kí ó tó kún.

Ohun tí a wọ̀n kí ìdérí tó kúrò

A gbé aago sórí timegrapher, ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń gbọ́ ìlù aago. Ẹ rí i pé ẹ tẹ lift angle tó bá aago náà mu sínú rẹ̀, ìyẹn iye dígírì tí báláǹsì (kẹ̀kẹ́ tó ń fì síwá sẹ́yìn nínú aago) ń yí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tì í ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Ti aago yìí jẹ́ dígírì 51. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí 52 tí ẹ̀rọ ìwọ̀n máa ń gbé wá, fífì báláǹsì (bó ṣe ń fì jìnnà tó) tí ẹ óò kà á yàtọ̀ ní dígírì mélòó kan, kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n bí lift angle aago bá jẹ́ 44 tí ẹ fi sí 52, irọ́ ńlá ni gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀.

Ìdérí ṣì wà lórí rẹ̀, a ká a títí kókó fi le. Nígbà tí ojú wà lókè: fífì dígírì 288, ó ń sáré pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 4 lójúmọ́, àìdọ́gba ìlù 0.3 mílísẹ́kọ́ńdì. Nígbà tí ojú wà nílẹ̀: 290. Lẹ́yìn wákàtí 24, 262. Ẹnikẹ́ni tó bá wo èyí á ní ara aago yá, kó kàn lọ tún atọ́ka fi sípò.

A kò dúró níbẹ̀. A so ẹ̀rọ ìwọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà kó máa kọ fífì sílẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún wákàtí 40. Nígbà tó di bí wákàtí 9, fífì já láti 281 sí 243, ó dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ó sì padà sókè bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ní wákàtí 33, ó tún já, láti 250 sí 209, fún 20 ìṣẹ́jú. Wákàtí 24 gééré ló wà láàárín méjèèjì.

Ìṣirò tún ló sọ ibi tí ó wà. Kí ni ń yí ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24 nínú aago yìí? Àgbá ń lo wákàtí 8, jíà eléyín 72 tó fara kàn án sì ń lo ìlọ́po 3 iye yẹn, wákàtí 24. Eyín 72 nínú wákàtí 24: eyín kọ̀ọ̀kan ń gba 20 ìṣẹ́jú láti kọjá. Eyín kan péré nínú 72 ni kò dára. A mọ jíà tó jẹ́, a sì mọ̀ pé ẹyọ kan ni, síkúrù kan kò tíì kúrò. Àwọn tó máa ń wọ̀n aago ní ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó kún àti ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn wákàtí 24 kò lè rí irú àṣìṣe yìí láéláé, nítorí pé kò wà níbẹ̀ ní àkókò méjèèjì. Kódà ẹni tó ń wọ̀n ní wákàtí-wákàtí lè fò ó kọjá.

Ṣíṣí i láti ẹ̀yìn

Ìdérí ẹ̀yìn gba síkúrùdíráfà mìlímítà 1.20. A tú síkúrù 6 ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀, a sì to wọ́n sínú àwo bí wọ́n ṣe jókòó. Kí a tó gbé ìdérí kúrò pátápátá, a fi kálámù fa ìlà kékeré sára ìdérí àti ilé aago kí a lè mọ bí méjèèjì ṣe dojú kọ ara wọn. Ìlà yìí wúlò púpọ̀, ẹ óò rí ìdí.

A yí gíláàsì ìdérí sí iná láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà kan wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín, aláwọ̀ eérú, ó tẹ̀ bí ọrun. Kì í ṣe pé gíláàsì sàfáyà ló há. Irin kò lè ha sàfáyà. Ìyẹ̀fun irin atọ́ka ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí a fi ìlà kálámù to ìdérí padà, ibi tí ìyẹ̀fun yẹn wà bọ́ sórí àárín ọ̀nà atọ́ka gẹ́lẹ́, láàárín wákàtí 20 sí 35. Atọ́ka ń fara nu gíláàsì.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ ìwọ̀n kò fi sọ èyí? Nítorí ìdínkù 18 sí 1 náà ni. Fífà tó bá wà ní orí atọ́ka kì í tó ìdá kan nínú 18 mọ́ nígbà tó bá fi dé ara àgbá, agbára sípíríǹgì sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Aago á máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú fífì tó dára, atọ́ka á máa fara họ gíláàsì, ìyẹ̀fun irin á máa rọ sínú ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ojú nìkan ló lè rí i.

Wàyí o, àga tí a óò gbé ẹ̀rọ lé. Fún aago tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í bínú síni: a lè gbé e lé àga lásán. Èyí ní ojú méjì. Àga gbọ́dọ̀ di etí ẹ̀rọ mú nìkan, kó sì ní àyè lábẹ́ tó jinlẹ̀ tó fún ọwọ́ aago tó wà lójú. Rọ́bà ìka méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ọ̀kan, nítorí afárá tó wà lẹ́yìn yìí (irin pẹlẹbẹ tó di àwọn jíà mú) ni ẹni tó ni aago yóò máa wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àmì ìka òógùn kan lórí irin tí wọ́n fi ìlà rírẹwà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kì í lọ mọ́ tó bá ti pẹ́.

Lẹ́yìn náà, a tú agbára sípíríǹgì: a fi ìka di kókó mú, a ti ahọ́n tó ń dá jíà ìká dúró sẹ́yìn, a sì jẹ́ kí kókó máa yọ́ láàárín ìka wa díẹ̀díẹ̀. Nígbà yìí, ẹ máa wo atọ́ka. Ó yẹ kó padà lọ sí òfo. Tiwa dúró ní dígírì 15 kó tó dé òfo, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ṣe sọ.

Atọ́ka ni a kọ́kọ́ yọ, kí a tó fọwọ́ kan afárá kankan. A tẹ́ ọ̀rá pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, a sì fi ohun ìyọwọ́ gbé e ní gúúrú. Lábẹ́ maikirosíkópù, àmì ẹ̀mú méjì hàn lára páìpù rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ẹnì kan ti fún páìpù náà pọ̀ kó lè di ọ̀pá mú dáadáa.

Ìtàn rẹ̀ wá tò ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀yìn nígbà kan, gíláàsì tuntun sì jókòó ní wíwọ́. Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í fara kàn án, fífà yẹn mú kó máa yọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tó ṣí i lẹ́yìn náà rí atọ́ka tó ń yọ̀, ó fún páìpù rẹ̀ pọ̀, ó ká aago títí ọwọ́ rẹ̀ fi sọ pé ó tó, ó sì tẹ atọ́ka mọ́ ibi àmì kíkún. Sípíríǹgì ṣì ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kó kún. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ká a, atọ́ka á lọ gún orí síkúrù afárá tó wà lẹ́yìn àmì kíkún. Kò lè yọ̀ mọ́ nítorí wọ́n ti fún un pọ̀. Agbára ìka tó ń yí kókó kò ríbi lọ, ó gba inú dífẹ́rẹ́ńṣà padà sára jíà eléyín 72, ó sì ń ti àgbá síwájú. Ibi tí jíà náà ti bu àgbá jẹ ni eyín kan ti tẹ̀.

Gíláàsì

A fi ìwọ̀n ìjìnlẹ̀ wọ̀n bí gíláàsì ṣe jìn sí etí ìdérí ní ibi mẹ́rin. A rí mìlímítà 0.62, 0.61, 0.50 àti 0.56. Ibi tó jẹ́ 0.50 yẹn ló wà lórí àárín ọ̀nà atọ́ka. Orí atọ́ka ga ní 0.49 sí ìpele kan náà. Mìlímítà 0.01 ló kù láàárín wọn, ọ̀pá atọ́ka sì ní àyè 0.03 láti lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀.

Ibí yìí ni aago tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ti yàtọ̀ sí gbogbo aago yòókù. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ojú lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ọ̀pá atọ́ka á sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà gíláàsì, 0.03 yẹn á jẹ 0.01 tán. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ lè rí atọ́ka dáadáa, ọ̀pá á padà sẹ́yìn, àyè á sì wà. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ẹ bá ń wò ó ni kì í fara kàn gíláàsì. Ìgbà tí ẹ kò bá rí i, nígbà tó wà lórí tábìlì ní òru, ni ó ń họ ọ́.

A tẹ gíláàsì jáde, a ju rọ́bà oníke rẹ̀ nù, a fi tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu sí i. Ohun ìtẹ̀ tí a óò lò gbọ́dọ̀ tóbi tó láti kan etí gíláàsì yí ká, kì í ṣe àárín rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, a tú u, a wọ̀n, a yí ìdérí ní ìdajì òbírí, a sì tẹ ìyókù. Lẹ́yìn èyí: 0.62, 0.61, 0.62, 0.61. Àyè tó kéré jù pẹ̀lú ọ̀pá tó ti sọ̀ kalẹ̀ tán wá jẹ́ 0.09. Ó kù díẹ̀ sí 0.10 tí a máa ń fẹ́, nítorí náà a tún fi ẹ̀mú onírọ́bà tẹ orí atọ́ka sílẹ̀ ní 0.02. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí síkúrù afárá ń bẹ nísàlẹ̀.

Eyín kan nínú 72

A yọ afárá àgbá, a sì yọ dífẹ́rẹ́ńṣà lódindi. Wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì dè é, kò ṣeé tú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀. Lábẹ́ maikirosíkópù ìlọ́po 40, a yí jíà ìsàlẹ̀ ní eyín kọ̀ọ̀kan. A rí eyín náà: ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí mìlímítà 0.03, orí rẹ̀ sì ń dán níbi tó ti ń fi tipátipá wọlé sáàárín eyín àgbá.

Ìdí eyín ni kí ẹ wò jù. Bí ìlà dúdú bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, ó ti sán, jíà tuntun ló kù. Tiwa kò sán. Bíráàsì máa ń le sí i nígbà gbogbo tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́: ìtẹ̀ kìíní ló lọ, títọ́ ni ìkejì, ìkẹta ló ń ṣẹ́ ẹ. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ní. A gbé jíà náà lé irin pẹlẹbẹ, a fi abẹ bíráàsì tí a ti pọ́n ẹnu rẹ̀ tì í padà ní ìtì kan, láti ìdí, kì í ṣe láti orí. Orí rẹ̀ tó ń dán ni a fi igi àti ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì pa díẹ̀ kó lè mọ́lẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A yẹ jíà eléyín 24 ti ara àgbá wò bákan náà. Irin ni, kò sí ohun tó ṣe é.

Kí a tó tò ó, a gbé àgbá àti dífẹ́rẹ́ńṣà nìkan sórí irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, láìsí sípíríǹgì, a sì fi igi ṣóńṣó yí wọn ní ìyípo àgbá 3 kí jíà eléyín 72 lè yí ẹ̀ẹ̀kan pátápátá. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n bí ó bá ṣì ń há.

Fífọ̀ àti ọ́ìlì

Fífọ̀ gbogbo ara yòókù kò yàtọ̀ sí ti aago mìíràn: omi ìfọ aago lẹ́ẹ̀kan, omi ìṣàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Fọ́ọ̀kì (apá kékeré tó ń ti báláǹsì) àti báláǹsì kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ọtí, torí oje tó di òkúta mú lára wọn máa ń yọ́ nínú rẹ̀. Dífẹ́rẹ́ńṣà tí kò ṣeé tú ni kí ẹ fún ní ìṣàn ìkẹta, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pẹ́, nítorí omi máa ń sá pamọ́ sáàárín àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀.

Eyín dífẹ́rẹ́ńṣà kò gba ọ́ìlì rárá. Ṣóńṣó àwọn jíà kéékèèké inú férémù nìkan ló gba Moebius 9010, ìwọ̀n tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. (Moebius ni orúkọ ọ́ìlì aago, nọ́ńbà ló ń sọ irú tó jẹ́.) Ọ́ìlì lára eyín máa ń gba ìyẹ̀fun mọ́ra, ìyẹ̀fun á sì di bí yanrìn tó ń jẹ eyín. Fún ọ̀pá àgbá àti kẹ̀kẹ́ àárín, HP 1300. Fún sípíríǹgì, gírísì 8200 tín-ín-rín. Fún ṣóńṣó escape wheel (kẹ̀kẹ́ tó ń ti fọ́ọ̀kì) àti báláǹsì, 9010. Fún òkúta fọ́ọ̀kì, 9415, ní ojú tó ń kan eyín nìkan. Fún ibi tí kókó ti ń wọlé tó sì ń jáde, 9504. Ọ̀pá atọ́ka ẹ̀yìn kò rìn ju dígírì 140 lọ láàárín wákàtí 56, nítorí náà HP 1300 ni, ẹ má fi 9010 sí i, yóò ṣàn jáde sórí afárá níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan mọ̀ọ́mọ̀ fi iṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn, nígbà mìíràn nítorí ọ́ìlì gan-an. Patek Philippe gbé tourbillon (àgò kékeré tó ń yí, tí báláǹsì wà nínú rẹ̀) sí ẹ̀yìn nínú ọ̀pọ̀ aago rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn má bàa ba ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́. Galet Classic tí Laurent Ferrier gbé jáde ní 2010 fi tourbillon tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bákan náà, kò sì hàn láti ojú. H. Moser & Cie gbé ìràwọ̀ tó ń sọ ọdún ọlọ́jọ́ 366 sí ẹ̀yìn nínú aago kàlẹ́ńdà ayérayé rẹ̀, ẹ̀rọ 9R31 ti Grand Seiko sì ní atọ́ka agbára lẹ́yìn fún wákàtí 72. Reverso Duoface tí Jaeger-LeCoultre gbé jáde ní 1994 tilẹ̀ fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo yí ọwọ́ aago ní ojú méjèèjì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún gbogbo wọn kan náà ni: kí ló wà láàárín ohun tó ń yí àti gíláàsì ẹ̀yìn, mìlímítà mélòó sì ni?

Fífi atọ́ka sípò

Níbi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí náà a fi sùúrù ṣe é. Ẹ má fi òfo ṣe ìdíwọ̀n. Òfo kò ní ojú kan pàtó: aago lè dúró nígbà tí sípíríǹgì ṣì ní ìdajì ìyípo nínú, ó lè tún lọ sí i bí ẹ bá mì í. Kíkún ni ojú kan wà fún, nínú aago tí a fi ọwọ́ ká, nítorí ìkọ́ sípíríǹgì di ògiri àgbá mú, bó bá sì ti wé mọ́ ọ̀pá tán, ó tán. (Nínú aago tó ń ká ara rẹ̀, sípíríǹgì máa ń yọ̀ lára ògiri nígbà tó bá kún, dífẹ́rẹ́ńṣà á sì fẹ́ máa gbé atọ́ka lọ láìdúró. Ìdí nìyẹn tí irú wọn fi gbọ́dọ̀ ní ibi ìyọ̀ lábẹ́ atọ́ka. Ẹ má fún ibẹ̀ pọ̀.)

Láìsí atọ́ka lórí ọ̀pá rẹ̀, a ká aago títí ó fi kún ní tòótọ́. Lẹ́yìn tí a ti tú u pátápátá tẹ́lẹ̀, a ka ìyípo jíà ìká: 7, ó sì le díẹ̀díẹ̀ ní ìyípo tó kẹ́yìn. A jẹ́ kí jíà ìká sún padà díẹ̀ kí ahọ́n jókòó. Páìpù atọ́ka tí wọ́n fún pọ̀ ni a fi ọ̀pá ìlàhò ṣí padà kó lè wọ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ ìka lásán. A fi orí rẹ̀ sí àmì kíkún, ìwọ̀n irun kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bó bá di pé nǹkan kan dí i lọ́nà lọ́jọ́ iwájú, atọ́ka ló gbọ́dọ̀ yọ̀, kì í ṣe eyín ló gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ẹ rántí pé láti ẹ̀yìn, gbogbo nǹkan yí sí òdìkejì: jíà tó ń yí sí ọ̀tún láti ojú á máa yí sí òsì. Nínú gbogbo fọ́tò iṣẹ́ yìí, a kọ "láti ẹ̀yìn" sí i lábẹ́.

Ìdánwò

A de ìdérí pẹ̀lú ìlà kálámù tó bá ara wọn, síkúrù 6 ní àgbélébùú, rọ́bà tuntun pẹ̀lú gírísì sílíkóònù. A dán ìdènà omi wò lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, a sì yọ agbára òòfà kúrò lára aago. Gbogbo ìwọ̀n tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú ìdérí lórí ni.

Kíkún, ojú lókè: fífì 301, ìṣẹ́jú àáyá +3, àìdọ́gba 0.2. Ojú nílẹ̀: 303, +4. Kókó lókè: 276, +1. Kókó nísàlẹ̀: 274, 0. Kókó sí òsì: 278, +2. Kókó sí ọ̀tún: 275, −1. Lẹ́yìn wákàtí 24, ojú lókè, 274.

Ìkọsílẹ̀ aláìdáwọ́dúró fún wákàtí 48: ìlà fífì ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Níbi tí eyín tí a tọ́ ti kọjá, ó já ní dígírì 4, láti 287 sí 283, a sì rí i nítorí a mọ ibi tí a ń wò. A gbà á bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè tọ́ pátápátá á ṣẹ́ ẹ.

A jẹ́ kó tú tán ní ìgbà mẹ́ta, ojú lókè, lórí gíláàsì tí kámẹ́rà wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ya ẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú 30-30: wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú 20, wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú 5, wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú 40. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, atọ́ka kò jìnnà sí àmì òfo ju dígírì 2 lọ. A tú ìdérí lẹ́ẹ̀kan sí i, a yí gíláàsì sí iná láti ẹ̀gbẹ́. Kò sí ìyẹ̀fun lára rẹ̀.

Lórí káàdì aago, a kọ ìwọ̀n gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ipò eyín tí a tọ́ ní kíka láti ihò férémù, àti pé kí ẹni tó bá pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀yìn lọ́jọ́ iwájú wọ̀n ọ́n kó tó de ìdérí.